Ọwọ́ Ìyá Bùsáyọ̀ Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo kọ́ kámẹ́rà sáyẹ́ǹsì kan níṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ìsọlọ̀.

Ìyá Bùsáyọ̀, tó ń ti àdúgbò Ailegun wá, ló ń yẹ ìgò wò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbé ìgò kọ̀ọ̀kan síwájú iná, kó lè mọ èyí tó sán. Díráfà, ìyẹn ètò tó ń gbé àṣẹ láti inú kọ̀ǹpútà lọ bá kámẹ́rà, ni mo fi kọ́ kámẹ́rà náà níṣẹ́ yìí.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò àkọ́kọ́ síwájú kámẹ́rà. Ọgọ́rùn-ún ìgò kọjá, kámẹ́rà ní gbogbo wọn dára. Ọ̀gá wa pàtẹ́wọ́.

Ìyá Bùsáyọ̀ wá bá mi. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ìka mi tí ìgò gé nìyẹn nínú fọ́tò tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

Mo yẹ ètò náà wò. Fọ́tò àkọ́kọ́ nìkan ni díráfà ń dá padà fún mi látàárọ̀, nítorí n kò pàṣẹ pé kó máa ju ti tẹ́lẹ̀ nù. Mo fi ìlà kan péré kún un. Ìgò mélòó kan kọjá, kámẹ́rà sì mú èyí tó sán.

"Màmá, ẹ ṣeun," ni ọ̀gá wí. "Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́, kámẹ́rà ti gba iṣẹ́ yín."

Ó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó ká a sórí tábìlì mi, ó sì lọ.

Ká ní ó dákẹ́ ni, ìgò tó sán ì bá ti dé ọjà, èmi àti kámẹ́rà ni wọn ì bá sì lé. Mo rò pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.