Ọmọ Tí Bọ̀dá Kọ Mọ́ Tirẹ̀

Bọ̀dá yọ eegun kúrò lára ẹran. Díẹ̀díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tutù, ó wá fi í sí Fẹ́misí lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyá ọmọ náà, ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ọláníyọnu ni orúkọ Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n James ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó máa ń wakọ̀ láti Smyrna wá jẹun lọ́dọ̀ wọn ní Norcross. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì tí James fi wọ Amẹ́ríkà. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ṣìkẹ́mi tó ń bá wọn ṣe taxes, ìyẹn ìwé owó orí, pe Rẹ̀mílẹ́kún: ìjọba ti dá ìwé wọn padà. Ẹnìkan ti kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún Fẹ́misí sínú ìwé tirẹ̀, pé òun ló ń tọ́ ọ. Owó tí ìjọba ń fún òbí nítorí ọmọ ti lọ. Owó yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́ fi gba ààyè ní jẹ́lé-ó-sinmi, kó lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó. Bí ọjọ́ Ajé bá kọjá, ààyè náà di ti ẹlòmíì.

Nígbà tó lọ sin ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn, ọ̀dọ̀ Bọ̀dá ló gbé ọmọ sí. Ó fi káàdì tí nọ́ńbà ọmọ wà lára rẹ̀ sílẹ̀ fún un, bóyá ara ọmọ lè má yá. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹbí?

Rẹ̀mílẹ́kún gbé abọ́ ìṣanwọ́ wá fún Bọ̀dá. Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ Fẹ́misí mọ́ taxes yín?"

Kò gbójú sókè. "Èmi ni. Àbí ọmọ mi kọ́ ni?"

"Ọmọ yín ni. Ta ló ń ra bàtà rẹ̀?"

James, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní kí ìyàwó òun máa rọra. Bọ̀dá ní táyà lòun fi owó náà rà, ṣebí ọkọ̀ òun náà ló ń gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Táyà. Gbogbo òru tí obìnrin fi ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Táyà.

Rẹ̀mílẹ́kún dìde. "Ẹ ò bi mí. Ìjọba máa bi yín. Lọ́la ni mò ń fi ìwé tèmi ránṣẹ́."

James ní ìjọba kẹ̀? Sí ẹ̀gbọ́n òun? Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọmọ kúrò lórí itan Bọ̀dá.

Ìjọba san owó náà fún Rẹ̀mílẹ́kún nígbà tí òtútù ti dé. Ààyè jẹ́lé-ó-sinmi ti lọ. Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń ṣiṣẹ́ òru. Bọ̀dá kì í wá jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́.