Ìgbálẹ̀ Tí Adelheid Gbé Kọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Lókè Rotenberg tiwa níbí, ẹni tó bá gbé ìgbálẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà ti sọ fáyé pé wáìnì ilé òun ti délẹ̀, kí wọ́n wọlé wá mu. Ọkọ Adelheid Häfele, aládùúgbò mi, ló máa ń kọ́ tiwọn lọ́dọọdún kó tó kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Adelheid nìkan ló ká àjàrà, òun nìkan ló ṣe wáìnì. Ṣùgbọ́n ojú Eugen, àbúrò ọkọ rẹ̀, wà lára oko náà.

"Wáìnì obìnrin? Ta ló fẹ́ mu ún? Tẹ́nikẹ́ni ò bá mu ún kí ọdún Àjíǹde tó dé, oko di tèmi o."

Adelheid fìbínú gbà. Ni ẹ̀rù bá bà á pé kò sẹ́ni tó máa wá, kò lè gbé ìgbálẹ̀ kọ́ mọ́. Inú bí mi! Wáìnì kún àgbá, obìnrin yìí ń ṣe bí ẹni tó jí i.

Ọdún Àjíǹde ku ọ̀la. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbígbá àtẹ̀gùn àdúgbò kan Adelheid, òjò sì pa ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó fi kọ́ ìkọ́ ẹnu ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ máa ń lò, kó lè gbẹ, ó wọlé lọ se ẹ̀wà. Kò rántí pé Sátidé làwọn ará ìsàlẹ̀ ń gun òkè wá ṣe fàájì.

Kó tó se ẹ̀wà tán, àlejò ti kún pálọ̀.

"Ẹ káàsán o, Màmá. Ibo la máa jókòó sí?"

"Jókòó kẹ̀? Ta ló pè yín?"

"Ìgbálẹ̀ yín ni!"

Adelheid wo èmi tí mo tẹ̀lé wọn wọlé. Mo ní, "Má wò mí, gbé ife jáde!"

Wọ́n mu, wọ́n tún bu òmíràn. Ẹ̀wà tán, àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Eugen gbọ́ ariwo, ó sáré dé, kò ráyè jókòó nílé ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ló ti mu ife tirẹ̀. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó ṣeé mu," ló wí.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ò bú wáìnì ẹni ti yìn ín dópin. Adelheid bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo loko.

Ni Eugen bá wọ́ àga síta, ó gùn ún, ó nawọ́ sí ìgbálẹ̀.

"Eugen, fi ìyẹn sílẹ̀!" mo pariwo.

Ó yọ wáyà nínú àpò, ó so ìgbálẹ̀ náà mọ́ ìkọ́, ó fà á títí ó fi le dan-in.

"Afẹ́fẹ́ òkè yìí," ló wí, "kò ṣeé fọkàn tán."