Ọmọ Ẹtu Inú Koríko

Òórùn bílíìṣì tó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe tibi iṣẹ́ dé ló rán mi létí ọ̀sán kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Peckham, ní London. Ó ti rẹ Mọ́mì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń nulẹ̀ dé, wọn ò tiẹ̀ bọ́ bàtà tí wọ́n fi dijú lórí àga. Tẹlifíṣọ̀n ń fi ẹtu ilẹ̀ South Africa hàn: ìyá fi ọmọ pamọ́ sínú koríko, ó lọ jẹun, ọmọ ò mira.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀rù ò bà á ni?"

Mọ́mì ò la ojú wọn. "Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba ìyá ẹ̀ náà."

Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ kejì ní àdúgbò Elephant. "Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o."

Mo káwọ́ kásẹ̀ jọ sẹ́yìn àga, mo rò pé eré ni. Ìgbà témi náà bímọ ni mo tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè bá wọn mójú tó mi.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pè mí, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.