Okùn Policarpio àti Ẹ́ńjìnì Baba Hilarión

Mẹkáníìkì kan gòkè wá láti etí òkun, ó tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi Baba Hilarión ṣe gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Ẹ́ńjìnì náà rú èéfín dúdú, ó sì kú sí àárín Titicaca, adágún omi wa tó wà lórí òkè gíga. Kíá, Policarpio aládùúgbò wa ti na okùn wá láti inú ọkọ̀ tirẹ̀.

"Baba, ẹ jẹ́ kí n fà yín délé."

"Lọ fi so àgùntàn ẹ! Ẹnì kan ò ní fa èmi Hilarión láéláé. Tí mo bá kú gan-an, ẹ́ńjìnì mi ló máa gbé mi lọ sin."

Baba yíjú sí mẹkáníìkì. "Ìwọ, nígbà tó o débí lánàá, ṣé o lè sáré?"

"Rárá, Baba. Mi ò rí èémí mí."

"Ká wá da odindi ìkòkò ọbẹ̀ sí ẹ lẹ́nu ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ò pọ̀ lókè yìí, o wá ń rọ epo fún un bíi ti ìlú yín!"

Ó fi pọ́ńṣò, aṣọ ìbora ọrùn rẹ̀, bo ẹ́ńjìnì bí ahun tó ń fi oúnjẹ pamọ́, ó yí sùkúrù tó ń bu epo fún un, kí epo lè dín kù. Ẹ́ńjìnì húkọ́, ó sì gbéra.

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìdí sùkúrù yẹn. Mama Saturnina ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń jókòó tì í, tó ń bá a di fìlà mú nítorí atẹ́gùn. Lọ́jọ́ ọjà tó bá ń gbé wa lọ, Baba á dá ọkọ̀ dúró láàárín omi, á fi eyín di ìdí sikúrúdíráífà mú, á fi ṣóńṣó irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnì, á sì dijú.

"Baba, ọjà ti fẹ́ tú o!"

"Ẹ dákẹ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ ti sanra jù."

Nígbà tí Baba kú, a gbé pósí rẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, torí òdìkejì omi ni itẹ́ òkú wa wà. Ẹ́ńjìnì kọ̀. Policarpio yí sùkúrù síwá sẹ́yìn, èéfín dúdú nìkan ló ń jáde. Ó wá mú okùn, kò sì rẹ́rìn-ín rárá.

"Mama, ẹ má bínú. Kò sọ́nà míì."

"Gbé okùn yẹn kúrò níbẹ̀," ni Mama wí. "Ogójì ọdún ni mo fi di fìlà ẹ̀ mú. Ṣé ẹ rò pé mo fọ́jú ni?"

Ó yí sùkúrù wọlé títí tó fi dúró, ó tú u ní ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀, ó wá dín in kù díẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnì gbéra.

Policarpio padà sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó sì ju okùn sí wa.

"Mama, ẹ so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ yín. Kí Baba fà mí lónìí."

Báyìí ni Baba Hilarión ṣe fa Policarpio sọdá. A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, torí a fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an. Fìlà rẹ̀ wà lórí pósí, Mama Saturnina sì dì í mú nítorí atẹ́gùn.