Ìjì Tó Ń Bọ̀ Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Owó búrẹ́dì kan ní ọjà Boundary lónìí ju owó oṣù mi lọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí mo ń wo ojú ọjọ́ fún wáàfù Àpápá. Ìlà-oòrùn ni ìjì wa ti máa ń wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹlẹgbẹ́ mi tó ń wo ojú ọjọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde pè pé atẹ́gùn ń ṣí òrùlé. Mo pe fọ́mánù wáàfù kíákíá, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí kíréènì, ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń gbé ẹrù.

"Ẹ ní kí ọkùnrin orí kíréènì sọ̀kalẹ̀!"

"Ọ̀gá ojú ọjọ́, oòrùn ń ràn níbí o! Ṣé ẹ ti mu ẹmu ni?"

"Tó bá ti sọ̀kalẹ̀ tán, kí ẹ wá bú mi."

Ó pẹ́ kí fọ́mánù tó gbà. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀ ni ìjì dé, ó sì wó kíréènì náà. Fọ́mánù ti kú báyìí, ẹlẹgbẹ́ mi ti Ìjẹ̀bú-Òde náà ti ṣaláìsí. Èmi ṣì wà. Ọkùnrin orí kíréènì wà ní Ajégúnlẹ̀, ó ń gbé ọmọ-ọmọ jó.