Àdírẹ́sì Àwọn Ọmọ Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Búrò

Ní àkókò tí gbogbo Lomé daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìjà òṣèlú, èmi nìkan ni mo ń ṣí búrò, ìyẹn ọ́fíìsì wa, ní àdúgbò Nyékonakpoè. Iṣẹ́ wa ni láti bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Ẹrù kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, tó ti kọjá sí Ghana, ní kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ kú. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn girama kékeré, ni ìwé mi dé. Búrò ni wọ́n ti kọ́ mi níyòókù.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe irú èyí tí ẹnì kan ń dá lò. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n okùn jáde lára rẹ̀ lọ sórí tábìlì gbogbo òṣìṣẹ́, ọ̀kan sì gba ojú wáyà fóònù dé ilé ìkẹ́rùsí wa lẹ́bàá èbúté. Oníkálukú ní orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀, kò sì lè ka ohun tí ẹlòmíràn tọ́jú síbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló lè ka gbogbo rẹ̀, èyíinì ni orúkọ ọ̀gá ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ni ó wà.

Ọkọ mi ti kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin. Mo dúró, nítorí iṣẹ́ mi nìkan ló kù tí a fi ń jẹun.

Nígbà náà, ẹ̀rù ìwé ń ba gbogbo èèyàn. Àwọn sọ́jà ń dá mọ́tò dúró, wọ́n ń tú báàgì láti wá ibi tí àwọn tó sá lọ wà, bébà tí wọ́n bá sì rí àdírẹ́sì lórí rẹ̀ lè di ẹjọ́ fún ẹni tó mú un dání. Nítorí náà, ní búrò wa, a jó gbogbo bébà irú bẹ́ẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni oníkálukú kọ ibi tó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí, kí a lè wá ara wa rí. Lójú wa, ẹ̀rọ tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí kò lè tú àṣírí. Èmi náà kọ tèmi, mo sì kọ ọ́ kúnnákúnná: àdúgbò, àwọ̀ gééètì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá sílé.

Ẹnì kan péré ló kù tí ó ṣì ń wọlé sórí ẹ̀rọ: ọkùnrin Nàgó kan tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ díẹ̀, ó sì ń pè mí ní Tantí, ìyẹn àǹtí. A kì í sábà rí ara wa, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá kọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà tèmi.

“Bọ̀ǹjúù, Tantí. Ṣé ẹ rí èèyàn kankan lónìí?”

“Mo rí ológbò.”

“Ṣé ó ṣì ń pa eku?”

“Ó ti daṣẹ́ sílẹ̀.”

Ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ní bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní òwúrọ̀ kan, ọ̀rọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ mi, orúkọ ọ̀gá ẹ̀rọ sì ni ó wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ mi kò sí lórí bọ́tìnnì kankan.

“Èmi ọ̀gá pàṣẹ: kí ológbò padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Mo pè é lórí fóònù. “Ta ló fún ẹ ní ọ̀rọ̀ àṣírí mi?”

“Kò sẹ́ni tó fún mi. Mi ò nílò rẹ̀.” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ ló dilẹ̀, Tantí. Mi ò ba nǹkan kan jẹ́.”

Mo ní kó ṣàlàyé, mo sì ní kó tún un ṣe títí ó fi yé mi. Apá kan wà láàárín gbùngbùn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé fi orúkọ kóró èso pè. Kò sí ètò iṣẹ́ kan lórí ẹ̀rọ tó lè ṣí fáìlì fúnra rẹ̀. Kóró ni yóò bẹ̀. Kóró á wo nọ́ńbà ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, kó tó gbà tàbí kó kọ̀. Oníkálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ti ọ̀gá ẹ̀rọ ni òdo. Àyè tí kóró nìkan lè fọwọ́ kàn ni ó sì ń tọ́jú àwọn nọ́ńbà náà sí. Ohun tí ọkùnrin yìí rí ni pé ìbéèrè kan wà tí èèyàn lè bi kóró, kí ó sì sọ ibi tí òun fẹ́ kí ó kọ ìdáhùn sí. Ó yẹ kí kóró kọ́kọ́ wò ó bóyá àyè ẹni náà ni ibẹ̀. Kò wò ó. Ọkùnrin yìí wá júwe ibi tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà, ó sì bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ òdo. Bẹ́ẹ̀ ni kóró fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀gá.

“Ta lo tún sọ fún?”

“Ta ló kù ní Lomé tí mo fẹ́ sọ fún?”

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ní orúkọ ìwọlé kékeré kan, tó sì jókòó síwájú ẹ̀rọ wa níbikíbi, lè mọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ mi ń gbà wá sílé láti ilé ẹ̀kọ́. Mo pe àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní Faransé. Wọ́n ní àwọn mọ̀ nípa rẹ̀, àtúnṣe wà lórí téèpù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé e wá sí Lomé lásìkò yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí agbára mi ká. Mo ti orúkọ ìwọlé gbogbo àwọn tó ti lọ pa, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ìwé kíkọ di ètò, kí ẹnikẹ́ni má baà lè kọ irú ìbéèrè náà mọ́. Ó ku ọkùnrin ilé ìkẹ́rùsí. Mo ṣe é kó jẹ́ pé bó bá wọlé, kìkì iṣẹ́ ẹrù ni yóò máa rí. Ó pè mí lórí fóònù.

“Tantí, ibo ni n ó ti máa kí yín?”

“Fóònù wà.”

“Fóònù tí gbogbo ayé ń gbọ́?” Ó sì gbé e sílẹ̀.

Síbẹ̀, kóró kò tíì sàn. Ọwọ́ èèyàn nìkan ni mo mú kúrò nítòsí rẹ̀. Nítorí náà, mo pa àwọn àdírẹ́sì rẹ́. Bí a bá pa fáìlì rẹ́, ibi tí ó wà nìkan ni ẹ̀rọ ń gbàgbé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà lórí dísíìkì, ọ̀gá ẹ̀rọ sì lè hú u jáde. Mo fi òdo kún gbogbo àyè tó ṣófo títí dísíìkì fi kọ̀ pé òun ti yó. Mo nu àwọn téèpù tí a ń da ohun inú ẹ̀rọ kọ sí fún ìpamọ́ pẹ̀lú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà wá sẹ́nu ọ̀nà búrò pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

“Mo ń lọ, Tantí. Ìyàwó mi ti pè mí títí. N ó gba Àjàṣẹ́ kọjá. Ṣé kí n bá yín kí àwọn ọmọ? Gééètì aláwọ̀ ewé yẹn, àbí?”

N kò sọ̀rọ̀ gééètì fún un rí.

“O kà á.”

“Ọjọ́ tí mo jọ̀gá ni. Ojú mi ti rí i kí n tó mọ ohun tí mo ń kà. Ẹ má bínú.”

Mo gbà pé kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà lè dá òun náà dúró lọ́nà, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, kò sì sí òdo tí mo lè fi nu orí èèyàn.

“Sọ fún baba wọn kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Kó yí ilé ẹ̀kọ́ wọn padà. Kó má sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹ.”

“Ó dáa. Á wá sọ fún yín lórí fóònù.”

“Kó má sọ fún èmi náà.”

Ó gbé báàgì sílẹ̀. “Tantí, ẹ̀yin ni ìyá wọn o.”

“Ìdí nìyẹn. Èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi.”

Ó jíṣẹ́ náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí fóònù búrò dún, tí ọmọ mi àgbà sì ń sáré sọ̀rọ̀.

“Màmá, a ti kó lọ sílé mìíràn! Tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa rí—”

“Má sọ ọ́.”

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Ṣé ẹ ò fẹ́ wá ni?”

“Mo fẹ́ wá.”

“Báwo lẹ ṣe máa mọ ibẹ̀?”

“Bàbá yín á wá mú mi.”

“Kí ni kí n wá sọ?”

“Sọ ohun tí o jẹ.”

Ó ní ẹ̀wà ni. Mo bi í bóyá ó rọ̀, bóyá wọ́n fi gààrí sí i, bóyá àbúrò rẹ̀ jẹ tirẹ̀ tán, ta ló sè é, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó. Gbogbo ohun tí èèyàn lè béèrè nípa ẹ̀wà ni mo béèrè, kí ó má baà gbé fóònù sílẹ̀.