Oríkì Tí Ọ̀gá Wa Bà Jẹ́

Mi ò kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́. Àwọn olùkọ́ yòókù ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́, pé àgbà ni. Àgbà ni lóòótọ́, àmọ́ ìkà ni, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́, lẹ́bàá Old Market ní Lọ́kọ́jà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí. Láti ìgbà náà ló ti ń fa ìwé ya, tó ń ge àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Bí mo bá ní kó kàwé, abẹ́ tábìlì ló ń wọ̀ lọ, á sì máa sunkún. Ọ̀gá ní pankẹ́rẹ́ ni oògùn rẹ̀. Bí kò bá yí padà kí táàmù tó parí, kó lọ máa bá ìyá àgbà rẹ̀ ta ọṣẹ.

Mo tọ ìyá àgbà yẹn lọ ní ìsọ̀ wọn. Ará Ìlọrin ni wọ́n. Wọ́n ní oríkì ni ìyá ọmọ náà fi ń jí i láràárọ̀, pé kò sẹ́ni tó kì í mọ́ látìgbà tó ti kú. Wọ́n bá kọ́ mi.

Bó bá ń ya ìwé, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tó bá padà jókòó ni mo máa ń kì í. Bó bá ka ọ̀rọ̀ kan, mo tún kì í. Orí rẹ̀ á wú, á fẹ́ ka òmíràn. Kí ọyẹ́ tó dé, ó ti ń ka odidi ojú ìwé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, àmọ́ ọ̀gá ní mò ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́ ni. Ojú fèrèsé ló dúró sí tó fi gbọ́ oríkì náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tò síta, ẹnì kan fẹjọ́ sùn pé ọmọ náà ya ìwé òun. Ọ̀gá mọ̀ pé bí òun bá pe orúkọ rẹ̀, yóò sá. Ló bá fi ohùn dídùn kì í. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sáré jáde, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ibi tó kúnlẹ̀ sí náà ni pankẹ́rẹ́ ti bà á lẹ́yìn.

Mo gba pankẹ́rẹ́ náà, mo ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn.

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, ó ti wà lábẹ́ tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kì í. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má nà mí.”